Àwọn Ìyá Ìjọ Gbé Àsíá Lọ sí Sínágọ́gù

Wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri ní ṣọ́ọ̀ṣì wa pé mo ti di Júù. Àwọn mìíràn ní rárá, Mùsùlùmí ni mo dà. Ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó, kí wọ́n fẹnu kò sórí ọ̀kan, nítorí ènìyàn kò lè di méjèèjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà. Ọmọ ìjọ ni mí títí di òní. Mo ń kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé mo ti dàgbà, n kò sì fẹ́ kó jẹ́ àwọn aláhesọ ni yóò máa sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi lẹ́yìn tí mo bá lọ. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn yóò mọ ara rẹ̀.

Egungun ìbàdí mi ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n sì dá mi padà sí ilé kékeré tí ọmọbìnrin mi rà sí Tucker, lẹ́bàá Atlanta, kí iṣẹ́ tó gbé òun fúnra rẹ̀ lọ sí Texas. Mo wà lórí àga bí ọmọ tuntun. Àwọn ará ìjọ mi, tí mo ti bá kọrin, tí mo ti bá gbààwẹ̀, fi àwòrán ọwọ́ méjì tí a pa pọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp títí fóònù mi fi kún. Pásítọ̀ ní òun ń bọ̀ wá kí mi ní Sátidé. Sátidé wo ni, kò sọ.

Ẹni tó wá ni obìnrin tó ń gbé ní òdìkejì ojú pópó. Júù ni, opó ni, ó sì jù mí lọ. Orúkọ àbísọ mi gan-an ló máa ń pè, láìsí màmá, láìsí àǹtí, bí ẹni ń pe ọmọ ọ̀dọ̀. Ó kọ́kọ́ ń bí mi nínú. Ṣùgbọ́n òun ló ń yí agolo ìdọ̀tí mi lọ sí etí títì ní àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn tó ń kó ìdọ̀tí ń bọ̀, òun náà ló gbé ọbẹ̀ wá. Ọbẹ̀ náà kò ní ata rárá. Omi gbígbóná ni, tí adìẹ kan gba inú rẹ̀ kọjá. Mo jẹ ẹ́ tán.

Ẹnì kejì tó ń wọlé tọ̀ mí ni obìnrin tí ilé ìwòsàn ń rán wá láti tún kọ́ mi ní ìrìn. Ọmọ Palẹ́sítínì ni, ó ń gbé ní Clarkston pẹ̀lú ọkọ àti ọmọbìnrin rẹ̀. Ìbòrí rẹ̀ kì í yẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ le bí irin. Yóò di ìgúnpá mi mú, yóò ní, “Ẹ má wo ilẹ̀, àǹtí. Ilẹ̀ ò ní sá lọ.” Ó ń fi èdè tiwọn pè mí ní orúkọ tí wọ́n ń pe àbúrò ìyá ẹni. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò sì tètè fẹ́ràn ènìyàn.

Ní ọjọ́ kan, ó wá pẹ̀lú ojú tó wú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbàdàn, mo mọ ojú ẹni tó lọ sunkún nínú ilé ìwẹ̀ kó tó wọ kíláàsì. Mo ní kó jókòó. Kò fẹ́. Mo ní n kò ní gbé ẹsẹ̀ kankan bí kò bá jókòó. Ó wá sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n òun obìnrin, tí ọkọ gbé lọ sí Gásà, ti kú. Ilé ló wó lé e lórí, tòun tàwọn ará ilé rẹ̀.

Mo ní, “Kí ni àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ wí?”

“Mi ò sọ fún wọn.”

“Kí ló dé?”

“Àǹtí, bí mo bá sọ ọ́, kí wọ́n tó sọ pé pẹ̀lẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ fẹ́ mọ apá ibi tí mo wà. Wọ́n á máa bá mi jiyàn. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Mi ò fẹ́ fi í jiyàn.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Nílé wa, bí ajá ẹni bá kú, aládùúgbò á ní kú àmúmọ́ra. Obìnrin yìí pàdánù ẹni tó pọ̀n ọ́n dàgbà, ó sì ń rẹ́rìn-ín láti ilé aláìsàn kan dé òmíràn bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe.

Mo sọ ọ́ fún aládùúgbò mi. Ó ní ìjọ òun lè gbà á. Ó ti pẹ́ tí sínágọ́gù wọn ti ń bá àwọn ìdílé Palẹ́sítínì jẹun ní ọ̀sán Sunday. Nígbà tí ogun bẹ́, àwọn kan nínú wọn ní kí wọ́n dá a dúró, Rábì wọn kò gbà. Àwọn kan bínú kúrò. Ẹnì kan dúró níbi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò, ó pe Rábì ní ọ̀dàlẹ̀ lójú àwọn ọmọdé. Síbẹ̀ wọn kò dá a dúró. Òfin tiwọn ni pé ẹnì kan á sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fèsì. Ẹlòmíràn á dìde, á tún ohun tó gbọ́ sọ, títí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ á fi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo wí nìyẹn. Ìgbà náà ni wọ́n tó lè pààrọ̀ ipò. Wọn kì í sì í gbé àsíá kankan wọ gbọ̀ngàn náà.

Mo bi í pé, “Ṣé èyí ló máa parí ogun?”

Ó ní, “Rárá. Ogun ò sí lọ́wọ́ wa. Ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló wà lọ́wọ́ wa.” Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé ọmọ ọmọ àbúrò òun wà nínú ọmọ ogun Ísírẹ́lì lọ́hùn-ún, àti pé òun náà kì í sùn.

Mo bẹ olùkọ́ ìrìn mi kó wá. Ó kọ̀. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ní ìkẹyìn ó ní, “Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, àǹtí. Ẹ máa jókòó tì mí. Bí ẹnikẹ́ni bá bú mi níbẹ̀, mo máa lọ sílé, mi ò sì ní la ẹnu mi lórí ẹ̀ mọ́ láéláé.”

Mo ní, “Bí ẹnikẹ́ni bá bú ọ, àwa méjèèjì la jọ máa jáde.”

Ẹ jẹ́ kí n wá mẹ́nu ba Màmá JP. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nílé mọ̀ pé ẹni tó bá ti lọ sí Jerúsálẹ́mù, lẹ́tà méjì yìí ló máa ń fi sẹ́yìn orúkọ rẹ̀, bí ẹni pé yunifásítì ló fi í fún un. Obìnrin yìí lọ, ó gun bọ́ọ̀sì onífèrèsé dúdú yípo ilẹ̀ mímọ́, ó rọ omi Jọ́dánì sínú ike, láti ọjọ́ náà n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀. A jọ ṣe tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà ní Ìbàdàn. Èmi ni ipò igbákejì ọ̀gá tọ́ sí. Òun ló jẹ ẹ́, nítorí pé òun ló mọ ọ̀nà ilé ìdáná ìyàwó ọ̀gá. A tún pàdé ní Atlanta, nínú ìjọ kan náà, bí ẹni pé Amẹ́ríkà kò tóbi tó. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yan olórí àwọn ìyá, ó dìde, ó ní, “Ẹni tí kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ Jerúsálẹ́mù, kí ló fẹ́ fi kọ́ wa?” Gbogbo wọn wò mí. Ó ń gbé ní McDonough báyìí, nínú ilé ńlá ọmọ rẹ̀, láàárín àwọn wárèhàùsì tí tírélà ń wọ̀ tọ̀sán tòru. Ó tún wù mí kí n fi ìyẹn kún un.

Nígbà tó gbọ́ ibi tí mo fẹ́ lọ, ó dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

“Màmá Tucker, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ lọ bá àwọn Filístínì jẹun.”

“Àwọn Filístínì ti pa rẹ́ kí wọ́n tó bí Jésù, Màmá JP. Ẹ lọ ka ìtàn.”

“Ẹ̀yin lẹ kàwé. Àwa a gbàgbọ́.”

Ìbá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n aládùúgbò mi, pẹ̀lú ọkàn rere tí kò béèrè kó tó ṣe nǹkan, ti rò pé inú mi á dùn bí àwọn ará ìjọ mi bá wá bá mi kẹ́gbẹ́. Ó ní kí Rábì pe ṣọ́ọ̀ṣì wa. Pásítọ̀ dìde lórí pẹpẹ, ó kígbe pé, “Àwọn ọmọ Ábúráhámù pè wá!” Ìjọ hó yèè. Kò sọ ohun tí wọ́n pè wá fún. Èmi kò sí níbẹ̀ ní Sunday yẹn. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún mi.

Ọ̀sán tí a lọ náà, ẹ̀ṣọ́ kan wà lẹ́nu ọ̀nà sínágọ́gù tòun ti ìbọn ní ìbàdí, ó yẹ àpò wa wò. Èmi gbé mọ́ínmọ́ín lọ, láìsí edé nínú rẹ̀, nítorí wọ́n ti sọ fún mi pé àwọn Júù kì í jẹ ẹ́. Mọ́ínmọ́ín tí kò ní edé, ìrúbọ gidi ni láti ọ̀dọ̀ ọmọ Ìbàdàn. Olùkọ́ ìrìn mi gbé búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí ó fi ewé olóòórùn wọ́n lórí. Rábì, obìnrin onírun kúkúrú tó wọ bàtà kánfáàsì, dì mọ́ ọn díẹ̀, kò pọ̀jù. A jókòó. Àwọn ìdílé Palẹ́sítínì mìíràn wà níbẹ̀, wọ́n kí i ní èdè wọn, mo rí i tí èjìká rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀.

Ìgbà náà ni fèrè dún níta.

Ìwo àgbò ni, irú èyí tí ìjọ wa máa ń fọn ní ìṣọ́ òru. Mo mọ ohùn náà. Àwọn ìyá ìjọ wa ló ń sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n so ọ̀já búlúù mọ́ àyà, àsíá Ísírẹ́lì wà lọ́wọ́ oníkálukú, wọ́n ń kọ orin Síónì, wọ́n ń jó bọ̀. Màmá JP ló ṣíwájú. Ẹ̀ṣọ́ fi ọwọ́ lé ìbàdí. Rábì sáré jáde. Ọ̀rẹ́ mi, olùkọ́ ìrìn mi, ti dìde, ó ti gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. Ojú rẹ̀ ti padà sí ojú ibi iṣẹ́, èyí tó ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, “Mo ń lọ sílé, àǹtí.”

Mo ní, “Ṣe sùúrù fún mi, jọ̀wọ́,” mo sì fi ọ̀pá mi rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà bí mo ṣe lè yára tó.

Rábì ń bẹ Màmá JP pé kí wọ́n fi àsíá sílẹ̀ níta. Màmá JP yíjú sí mi. “Ẹ̀yin ló mọ̀, ẹ sọ fún un pé tiwọn ni! Àsíá tiwọn la gbé wá fún wọn!”

Mo sọ ọ́ fún Rábì. Ó ní, “Mo mọ̀ pé tiwa ni, màmá. Ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn tí mo fi ń bẹ yín.”

Bàbá arúgbó kan láàárín àwọn Júù ti jáde tẹ̀ lé e, inú rẹ̀ ń ru. Ó ní, “Níkẹyìn, a rí àwọn tó fẹ́ràn wa, ìwọ sì ń lé wọn!” Rábì kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀ṣọ́ ń wo gbogbo wa. Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ ìró bàtà ọ̀rẹ́ mi tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà àbájáde. Mo ti ṣe tán láti mú ìlérí mi ṣẹ, kí n bá a lọ, kí gbogbo rẹ̀ sì parí síbẹ̀.

Mo fi Yorùbá bá Màmá JP sọ̀rọ̀, pẹ̀lú gbogbo ìbínú tó ti wà nínú mi láti Ìbàdàn. “Màmá JP, ẹ gbọ́ mi. Ọmọ tó ń bọ̀ yẹn ń ṣọ̀fọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kú, ẹ̀gbọ́n ọmọ ìyá. Ṣé bí wọ́n ṣe ń wọ ilé ọ̀fọ̀ nílé yín nìyí, pẹ̀lú fèrè?”

Orin dákẹ́ lójú kan náà. Ó wò mí. Ó wo ọmọ náà.

“Òkú ọ̀fọ̀ ni?”

“Òkú ọ̀fọ̀ ni.”

“Kí ló dé tí ẹ ò tètè sọ?” Ó yíjú sí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. “Ẹ ká nǹkan wọ̀nyẹn! Ẹ kó o sínú bọ́ọ̀sì, kíá. Ìwọ, gbé ìwo yẹn kúrò lẹ́nu.” Ó tú ọ̀já búlúù tó wà láyà rẹ̀, ó ká a mọ́wọ́, ó rìn kọjá lára mi, ó sì di ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi méjèèjì mú. Ó fi òyìnbó sọ ọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ló wà nínú rẹ̀: “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n rẹ ló kú. Pẹ̀lẹ́. Jókòó, ọlọ́fọ̀ kì í dúró.”

Kò bi í ní apá ibi tó wà.

Ọ̀rẹ́ mi jókòó. Èmi náà jókòó tì í.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré. Díẹ̀ nínú àwọn ìyá wa kò gbọ́ òyìnbó tó bẹ́ẹ̀. Màmá JP ló ń ṣe ògbufọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bí Pásítọ̀ bá ti sọ gbólóhùn kan ní òyìnbó, òun á sọ ọ́ ní Yorùbá. Láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, ó lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ àga, ó kó ọwọ́ méjèèjì pọ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ògbufọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ pé kì í sọ pé “ó ní”. “Mo” ló máa ń wí. Bí Pásítọ̀ bá ní “ìyàwó mi”, Màmá JP pẹ̀lú gèlè rẹ̀ á ní “ìyàwó mi”, ẹnikẹ́ni kì í sì í rẹ́rìn-ín.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ló ń di irun fún mi kí n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́.”

Àwọn ìyá ní, “Háà.”

“Ọjọ́ tí wọ́n gbé e níyàwó lọ sí Gásà, mo sunkún títí mo fi sùn lórí ẹní.”

“Pẹ̀lẹ́ o.”

“Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn tó fi ohùn sọ ránṣẹ́ sí mi, ó ń béèrè bí ọmọ mi ṣe ṣe nínú ìdánwò. Iṣẹ́ dí mi lọ́wọ́. N kò tíì dá a lóhùn tí ilé fi wó.”

Àwọn ìyá wa mi orí, wọ́n pòṣé, wọ́n ní, “Ó mà ṣe o! Ọmọ mi, kú àmúmọ́ra. Olúwa á tù ọ́ nínú.” Ọ̀rẹ́ mi yíjú sí mi, ó rọra béèrè pé, “Kí ni wọ́n ń sọ?”

Mo ní, “Wọ́n ń kí ọ kú ọ̀fọ̀.”

“Màmá yẹn ńkọ́?”

“Ọ̀rọ̀ rẹ ló ń sọ bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nìyẹn.”

Ó ronú sí i. Lẹ́yìn náà ó sunkún lójú gbogbo wa, kì í ṣe ti ilé ìwẹ̀.

Nígbà tó parí, òfin wọn ní kí ẹnì kan tún un sọ. Aládùúgbò mi dìde. Ó ṣàṣìṣe níbì kan, ó ní ẹ̀gbọ́n náà ń béèrè oúnjẹ. Ọ̀rẹ́ mi ní, “Rárá, ìdánwò ọmọ mi ló ń béèrè.” Aládùúgbò mi tún un sọ. “Bẹ́ẹ̀ ni,” ni ọ̀rẹ́ mi wí. Nígbà tó kan aládùúgbò mi láti sọ tirẹ̀, ó sọ nípa ọmọ ọmọ àbúrò rẹ̀, ọmọdékùnrin tó máa ń fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ bó bá ń rìn, tó ti di sójà báyìí. Ó ní bí fóònù bá dún òun kì í fẹ́ gbé e. Rábì béèrè ẹni tó fẹ́ tún un sọ. Ọ̀rẹ́ mi ló dìde, ó kó ọwọ́ méjèèjì pọ̀ síwájú.

Ó ní, “Mo ní ọmọ kan níbẹ̀. Mo mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí fóònù mi bá dún, ẹ̀rù máa ń bà mí.”

Bàbá arúgbó tó bínú yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó gbàgbé láti nù ún, ó kàn mú un dání. Aládùúgbò mi ní, “Bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí mo wí nìyẹn.” Lẹ́yìn náà ni a jẹun. Ogun kò parí lọ́jọ́ náà, n kò sì rí ẹni tó pa èrò rẹ̀ dà lórí ilẹ̀ tàbí ìjọba. Ṣùgbọ́n nǹkan kan tó ti dì mọ́ mi láyà láti ọjọ́ tí mo ti rí ojú wíwú yẹn tú sílẹ̀, mo sì jẹ ohun tí wọ́n gbé síwájú mi pẹ̀lú ìgbádùn.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, Màmá JP jẹ́rìí níwájú ìjọ pé Olúwa lo òun láti parí ìjà Ísáákì àti Íṣímáẹ́lì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Kò dárúkọ mi. Ilé ẹ̀kọ́ Ìbàdàn náà ló tún dé yẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí ni ilé ìwòsàn rán wá kọ́ mi ní ìrìn. Mo fẹ́ lé e padà kí n tó béèrè ibi tí ẹni tèmi wà. Ó ní obìnrin náà ti sọ fún ọ̀gá wọn pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú, wọ́n sì fún un láàyè láti jókòó sílé. Mo ní kí ọkùnrin náà jókòó, kí ó mu omi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ débi tí ẹnu fi yà á.

Aládùúgbò mi fi mọ́tò gbé mi lọ sí Clarkston ní ọ̀sán náà. Bàtà kún ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Àwọn obìnrin wà nínú pálọ̀, àwọn kan ń ka Kùránì jẹ́jẹ́. Ọ̀rẹ́ mi jókòó sórí ẹní láàárín wọn, irun rẹ̀ tú sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò retí ẹ̀rín lójú rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lórí àga tó dára jù nínú ilé náà, Màmá JP ti jókòó. Láti McDonough ló ti wá, ó ti tètè dé.

Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

“Màmá Tucker, ẹ mà pẹ́ o.”

N kò tíì dárí ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ jì í, n kò sì rò pé mo máa ṣe é. Mo ní kó sún, ó sún, mo sì jókòó.